Orúkọ Ẹni Tó Lọ sí Amẹ́ríkà

Kåre Solbakk ló rí òkú náà. Ó ń lọ wo àwọ̀n rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ nígbà tó rí aṣọ búlúù kan tó léfòó láàárín àwọn òpó èbúté Hamnsund. Ó kọ́kọ́ rò pé aṣọ òjò ni atẹ́gùn gbé jù sómi. Nígbà tó fi ìkọ́ fà á mọ́ra, ojú Tíṣà Borghild Nymo ló yí sókè. Kåre ti fa oríṣiríṣi nǹkan jáde nínú òkun láti kékeré, ṣùgbọ́n ńṣe ló jókòó lójijì sínú ọkọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Kò sí ẹni tí kò mọ Borghild. Òun ló kọ́ ìdajì ìlú náà ní ìwé kíkà. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ wíwá orírun ló gbé kalẹ̀: àwọn ọmọ àti ọmọ ọmọ àwọn tó ti etíkun yẹn ṣí lọ sí Amẹ́ríkà a máa kàn sí i pé kí ó bá àwọn wá ìdílé àwọn, kí àwọn tó wá fojú kan ilé baba àwọn. Ó mọ ẹni tó bí ẹni. Ó tún mọ ẹni tí gbogbo ayé rò pé ó bí ẹni tí kì í sì í ṣe òun, kì í sì í fi èyíkéyìí nínú méjèèjì sábẹ́ ahọ́n sọ.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, tí oòrùn kì í wọ̀ rárá ní ìhà àríwá ayé yẹn, tọ̀sán tòru. Ẹ̀yìn òkùnkùn la máa ń sọ pé apànìyàn ń sá sí. Ẹni tó pa Tíṣà yìí wá nínú ìmọ́lẹ̀ gbangba, ohun tó sì ba àwọn ará Hamnsund lẹ́rù jù nìyẹn. Àwọn tí kò ti ilẹ̀kùn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́lé bẹ̀rẹ̀ sí í wá kọ́kọ́rọ́ kiri inú àpótí. Àwọn ìyá pe ọmọ wọlé lọ́sàn-án gangan.

Ẹsẹ̀ òkú náà ni Ìnísípẹ́kítọ̀ Jorunn Eidissen kọ́kọ́ wò. Dókítà ti sọ fún un pé ẹnì kan ló la nǹkan mọ́ Tíṣà ní ìpàkọ́, àti pé ó ti kú kí ó tó dé inú omi. Jorunn gbọ́, ó mi orí, ṣùgbọ́n kò gbé ojú kúrò lára ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn tó wà lẹ́sẹ̀ Borghild. Kò sí bàtà. Abẹ́ ìbọ̀sẹ̀ náà sì mọ́, kò ya rárá, bẹ́ẹ̀ àwọn òkúta etíkun ibẹ̀ mú bí abẹ.

"Kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ibí," ló sọ fún dókítà. "Inú ilé ló kú sí, wọ́n sì gbé e wá."

Ó lọ sí ilé Borghild. Ẹsẹ̀ òsì Tíṣà kúrú ju ọ̀tún lọ láti ìgbà èwe, ìdí nìyẹn tí gbogbo bàtà òsì rẹ̀ fi ní ìsàlẹ̀ tó ga, èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún un. Bàtà òjò wà lẹ́nu ọ̀nà, bàtà ìgbà yìnyín wà níbẹ̀, bàtà ṣọ́ọ̀ṣì náà kò gbẹ́yìn. Bàtà aláwọ̀ ilẹ̀ tó fi ń rìn lójoojúmọ́ nìkan ni kò sí. Ẹ̀rù ba Jorunn díẹ̀ níbi tó dúró sí. Ta ni í wọ bàtà wọlé onílé ní ilẹ̀ yìí? Ọba gan-an ì báà ṣe àlejò, ẹnu ọ̀nà ni yóò bọ́ tirẹ̀ sí. Borghild ti lọ kí ẹnì kan, ó ti bọ́ bàtà rẹ̀ bí ọmọlúàbí, wọ́n sì ti pa á pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀. Bàtà náà ṣì wà nínú ilé kan, láàárín bàtà àwọn onílé.

Ẹni àkọ́kọ́ tí gbogbo ìlú nawọ́ sí ni Kåre fúnra rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni òun àti Tíṣà jà nínú ṣọ́ọ̀bù. Kåre ń fi bàbá ńlá rẹ̀ tó jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ yangàn, ni Borghild bá sọ lójú gbogbo èèyàn pé ọ̀gá ọkọ̀ náà wà lójú òkun ní gbogbo ọdún tí ìyàwó rẹ̀ fi lóyún bàbá Kåre, àti pé kí Kåre lọ wádìí télọ̀ kan tó máa ń kiri abúlé nígbà náà. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Kåre sì búra pé òun yóò gbé e jù sómi.

"Ọ̀gá ọlọ́pàá, mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ," ni Kåre wí nígbà tí Jorunn bá a ní èbúté. "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Mo sọ ọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èmi ni mo jù ú sómi, ṣé èmi náà ni màá tún fi ìkọ́ fà á jáde?"

"Àwọn kan máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n Kåre."

"Ìyẹn àwọn tó gbọ́n. Ẹ lọ bi ìyàwó mi bóyá mo gbọ́n."

Jorunn fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín. Ó bi í bóyá ó mọ ibi tí Tíṣà ń lọ ní ìjẹta tí wọ́n rí i gbẹ̀yìn. Kåre ní ó sọ nínú ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún pé òun yóò wọ bọ́ọ̀sì lọ sí oko Grindvik ní òdìkejì omi, pé ìbátan àwọn ará ibẹ̀ kan ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ kan sì wà tó yẹ kí òun bá bàbá ibẹ̀ sọ kí obìnrin náà tó dé.

Bàbá Grindvik náà kò jìnnà. Bí wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ọkọ̀ rẹ̀ gúnlẹ̀. Ansgar Grindvik ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọwọ́ rẹ̀ gbòòrò, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ìlú fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí yìnyín bá dí ọ̀nà, òun ló máa ń gbé aláìsàn sọdá omi láìgba kọ́bọ̀. Ó ṣí fìlà, ó dárò Tíṣà, omi lé ròrò sí i lójú. Ó ní lóòótọ́ ni Borghild sọ pé òun ń bọ̀, àmọ́ kò dé. Wọ́n sè kọfí dè é títí kọfí fi tutù.

"Kí ló fẹ́ bá yín sọ, bàbá?" ni Jorunn bi í.

"Ọ̀rọ̀ ẹbí náà ni. Àbúrò bàbá mi ṣí lọ sí Minnesota kí wọ́n tó bí mi. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Darlene, ló ń bọ̀ lónìí. Ilé mi ni yóò sùn."

"Ẹ̀yin nìkan ni bàbá yín bí?"

"Rárá o. Mo ní ẹ̀gbọ́n, Eilert. Òun náà gba Amẹ́ríkà lọ nígbà tí a ṣì wà ní ọ̀dọ́. Èmi fúnra mi ni mo fi ọkọ̀ gbé e lọ bá ọkọ̀ ńlá." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kò kọ lẹ́tà kan sí wa rí. Àmọ́ ọmọ ìyá ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ. Orúkọ rẹ̀ ni mo sọ ọmọkùnrin mi."

Òtútù kan gba ẹ̀yìn Jorunn kọjá. Oòrùn ń ràn, atẹ́gùn kò fẹ́, kò sì mọ ohun tó fà á. Kó tó bi í léèrè míì, Ansgar ti wo òkun, ó ní àsìkò ti tó kí òun lọ pàdé àlejò òun ní erékùṣù Skarvholm, níbi tí ọkọ̀ ńlá máa ń já èrò sí. Ó dé fìlà rẹ̀ padà, ó tu ọkọ̀ rẹ̀, ó sì lọ.

Jorunn padà sí ilé Borghild, ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn sì ń tẹ̀ lé e bí ajá. Ó ti dé ilé ìdáná nígbà tí fóònù Tíṣà dún lórí tábìlì. Ohùn obìnrin àgbàlagbà kan ni. Ó ń sọ èdè ilẹ̀ náà lọ́nà tí àwọn arúgbó tó ti kú ń gbà sọ ọ́, nítorí ẹnu bàbá rẹ̀ nìkan ló ti kọ́ ọ. Darlene ni. Inú rẹ̀ ń dùn débi pé kò jẹ́ kí Jorunn sọ ẹni tí òun jẹ́.

"Tíṣà mi, ọkọ̀ wa ti ń gúnlẹ̀. Mo ti ń wo Ansgar létí omi, ó ń juwọ́ sí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti rí sàréè Eilert? Mo ti ra òdòdó."

"Sàréè Eilert?" ni Jorunn wí. "Amẹ́ríkà kọ́ ló wà?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Kò dé ọ̀dọ̀ wa láéláé. Èmi àti bàbá mi dúró dè é ní ibùdó rélùwéè, mo wọ aṣọ tuntun. Bàbá mi kọ̀wé títí, kò sí èsì. A gbà pé ọkàn rẹ̀ ló yí padà tó fi jókòó sílé, àti pé ojú ló ń tì í títí tó fi kú. Mo ṣáà ti ṣàlàyé fún yín ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ ní ẹ máa kọ́kọ́ bá Ansgar sọ̀rọ̀."

"Ìyá, ẹ gbọ́ mi. Ọlọ́pàá ni mí. Ẹ má wọ ọkọ̀ Ansgar."

Ariwo òkun ni Jorunn gbọ́, lẹ́yìn náà kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ó pè é padà títí, fóònù kò wọlé. Ó wá yé e ìdí tí ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn fi ba òun lẹ́rù láàárọ̀. Ó pe àwọn ọlọ́pàá ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n gba ojú títì lọ sí Grindvik, ó sì mọ̀ pé ọ̀nà náà yí gbogbo omi po kó tó débẹ̀. Ó sáré lọ sí èbúté.

"Ẹ̀gbọ́n Kåre, ẹ gbé mi."

Omi ló gba bàbá Jorunn lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé. Láti ìgbà náà, kì í fínnú fíndọ̀ wọ ọkọ̀ kékeré. Ó wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, ó di etí ọkọ̀ mú, kò sì wo ìsàlẹ̀. Kåre tan ẹ́ńjìnnì, ó sì fi eré sí i. Nígbà tí wọ́n yí orí àpáta, wọ́n rí Skarvholm lọ́ọ̀ọ́kán. Ọkọ̀ ńlá ti ń lọ, kò sì sí ẹnikẹ́ni létí omi.

"Ọkọ̀ Ansgar nìyẹn," ni Kåre wí.

Ó wà láàárín omi gbalasa, kò rìn. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò dún. Obìnrin kan tó wọ aṣọ pupa jókòó níwájú. Ọkùnrin kan dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

"Ibẹ̀ ló máa ń dúró sí," ni Kåre fèsì. "Ìgbàkígbà tó bá ń kọjá, á pa ẹ́ńjìnnì, á dúró díẹ̀, kó tó máa lọ. A rò pé ẹja ló mọ̀ síbẹ̀. Èmi náà ti yọ́ ju àwọ̀n síbẹ̀ rí, ẹja kan ò bá mi wá."

Jorunn ní kí ó fun fèrè ọkọ̀. Kåre fun ún, àwọn ẹyẹ òkun sì ta lọ. Ọkùnrin tó dúró náà yí ojú padà, ó wò wọ́n. Ohun kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, gígùn, bí àjẹ̀. Ó wò wọ́n, ó tún wo ẹ̀yìn orí obìnrin náà. Jorunn ń gbàdúrà láìmọ̀ pé ohùn òun ń jáde. Nígbà tó pẹ́, ọkùnrin náà gbé ohun ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì dún, ọkọ̀ sì kọrí sí Grindvik.

Nígbà tí Jorunn fi dé ilé náà, wọ́n ti wọlé. Ó gba ẹnu ọ̀nà iwájú, Kåre tẹ̀ lé e. Òórùn kọfí tuntun gba gbogbo ilé. Ó bẹ̀rẹ̀ láti bọ́ bàtà rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe, láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí àwọn bàtà tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Bàtà oko wà níbẹ̀, bàtà Darlene tó ṣì tutù wà níbẹ̀. Èyí tó ṣíwájú gbogbo wọn jẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀, wọ́n ti nù ún, wọ́n ti kùn ún, ó ń dán. Ìsàlẹ̀ ti òsì ga ju ti ọ̀tún lọ.

Kåre rí i pẹ̀lú. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Èèyàn mẹ́rin ló wà nínú ilé ìdáná. Ansgar jókòó sídìí tábìlì. Magnhild ìyàwó rẹ̀, obìnrin tínínrín tó ní irun funfun, ń da kọfí sínú ife. Eilert ọmọ wọn, tó ń bójú tó àwọn àgùntàn báyìí, tóun náà sì ti ń hu ewú, dúró ti fèrèsé. Darlene di ife mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kò mu ún.

Jorunn gbé bàtà náà sórí tábìlì. Ní ilẹ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó ń ṣe irú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ ní Tíṣà kò dé ibí."

Ansgar wo bàtà, ó wò ó pẹ́. "Mi ò rí i rí. Ẹ̀yìnkùlé ni èmi máa ń gbà wọlé. Ẹlòmíràn ló gbé e síbẹ̀."

"Mo gbà pé ẹ kò rí i. Ẹ̀yìnkùlé náà lẹ gbà gbé òkú rẹ̀ jáde lọ sínú ọkọ̀. Ẹ fọ ilẹ̀, ẹ fọ ife, ẹ sì gbàgbé pé àlejò bọ́ bàtà. Ohun tójú ti mọ́ ni bàtà lẹ́nu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó ń wò ó."

"Kí ni Tíṣà ṣe fún mi tí màá fi pa á?"

"Ó bi yín léèrè ẹ̀gbọ́n yín." Jorunn kò gbé ohùn sókè. "Ẹ̀yin ní ó wà ní Amẹ́ríkà. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní ó wà lọ́dọ̀ yín. Láti ọdún pípẹ́ wá, apá kọ̀ọ̀kan ń retí lẹ́tà rẹ̀, kò sì sí ẹni tó wá a. Tíṣà ló kó ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì pọ̀, ó sì rí i pé Eilert kò sí níbì kankan."

"Ayé fẹ̀. Ó lè wà ní Kánádà. Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó kú?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi láàárọ̀. Ẹ ní orúkọ rẹ̀ lẹ sọ ọmọ yín." Jorunn yíjú sí Magnhild. "Ìyá Eilert, ẹ má bínú. Ní etíkun yìí, ta ni í fi orúkọ ẹ̀gbọ́n tó ṣì ń jẹun sọ ọmọ tuntun? Ìyá mi sọ pé ńṣe là ń fi irú rẹ̀ lé alààyè lọ sórun. Òkú ló ń wá bá aboyún lójú àlá, tí í bèèrè orúkọ. Ta ló wá bá yín?"

Magnhild gbé kẹ́tù kalẹ̀.

"Eilert ni," ló wí. "Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Aṣọ ìrìn-àjò rẹ̀ ló wọ̀, omi ń kán lára rẹ̀ sílẹ̀. Mo ní kó wọlé, kò wọlé. Nígbà tí mo jí, mo sọ fún ọkọ mi. Ó máa ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe mí ní yẹ̀yẹ́, ó ní ìtàn àwọn ìyá arúgbó ni. Kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní kí n sọ ọmọ náà ní Eilert, kí n sọ ọ́ kíákíá, kí ó má bàa padà wá."

"Ọkùnrin tí kò gba àlá gbọ́ gba ẹyọ kan yìí gbọ́," ni Jorunn wí, "nítorí òun nìkan ló mọ̀ pé ó yẹ kí omi máa kán lára Eilert."

Eilert ọmọ wọn kúrò nídìí fèrèsé, ó ń wo bàbá rẹ̀.

Ansgar tẹjú mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀. "Gbogbo ìlú ti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́," ló wí ní ohùn tútù rẹ̀ yẹn. "A ti jẹun ìdágbére. Bàbá wa ti ní kí n máa mú ilẹ̀ lọ. Nígbà tí a dé àárín omi, ó ní kí n yí ọkọ̀ padà, pé òun ò lè fi ilé sílẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín. Òun ni àkọ́bí. Tó bá padà, gbogbo rẹ̀ padà di tirẹ̀ nìyẹn. Àjẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi." Ó wo bàtà orí tábìlì. "Tíṣà jókòó síbi tí Darlene jókòó sí yìí. Ó ní òun yóò fún mi láyè kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ fún ọmọ mi. Mi ò lè sọ ọ́."

"Ó bi mí léèrè lórí omi," ni Darlene wí jẹ́jẹ́ ní èdè àtijọ́ rẹ̀. "Ó ní ta ni mo tún sọ fún nípa Eilert. Mo ní Tíṣà nìkan. Ó ní kí n yí ojú síwájú, kí n wo ilé bàbá mi bó ṣe rẹwà tó." Ó gbé ife sílẹ̀. "Mo ra òdòdó wá. Níbo ni sàréè rẹ̀ wà?"

Ansgar na ọwọ́ gba ojú fèrèsé, sí omi tó ń dán nínú oòrùn. "Ibi tí mo ti pa ẹ́ńjìnnì."

Bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń bá a. Ti Ansgar ti lọ ju ogún lọ dáadáa. Àwọn ọlọ́pàá dé, wọ́n mú un jáde, ẹnu ọ̀nà iwájú ni wọ́n sì mú un gbà. Wọ́n gbé bàtà rẹ̀ wá láti ẹ̀yìnkùlé, ó bẹ̀rẹ̀, ó wọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀.

Jorunn bi Magnhild ìdí tó fi kun bàtà Tíṣà. Ó ní inú ọgbà àgùntàn lòun wà tí òun kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí òun wọlé, ilẹ̀ tutù, bàtà àlejò wà lẹ́nu ọ̀nà, kò sì sí àlejò. Ẹ̀rù ọkọ òun ba òun láti ọjọ́ àlá náà. Òun kò ní ẹnu tí òun lè fi sọ ọ́. "Mo kùn ún, mo gbé e síwájú gbogbo bàtà," ló wí. "Mo ní bóyá ẹnì kan á wá, á bẹ̀rẹ̀ láti bọ́ tirẹ̀, á sì rí i."

Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún. Ó na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀, ó pè é.

"Eilert."

Kí ọmọ náà tó dá a lóhùn, ó kọ́kọ́ bojú wo ẹnu ọ̀nà, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló dúró níbẹ̀ tí wọ́n ń pè.